Bàbá mi kò fẹ́ gbọ́ nípa Ọlọ́run mọ́: báwo ni mo ṣe lè sọ ìrètí tí mo ní fún wọn?

Ọmọ Akọrin

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà pípẹ́, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ti gba irú ọ̀nà yìí kọjá là mí lọ́yẹ, nítorí pé gbogbo ohun tí mo ti ṣe títí di òní ń lé ẹni tí mo ń wá sẹ́yìn ni.

Bàbá mi ti pé ẹni ọdún 79. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún. Ohùn ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kọ. Nígbà tí a wà ní kékeré, àwọn ni wọ́n máa ń ṣáájú nínú àdúrà òwúrọ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú àwa ọmọ mẹ́rin tí kò mọ Sáàmù 121 sórí kí ó tó mọ ìwé kà.

Ní ọdún 2004 ni àbíkẹ́yìn wa, ọmọkùnrin ẹni ọdún 16, kú nípa àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Òkú ọ̀fọ̀ ni. Ẹ̀yin náà mọ bí ilé ṣe máa ń rí. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn aṣáájú àdúrà mẹ́ta wá kí wa láti ìjọ. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, lẹ́yìn náà ọ̀kan nínú wọn sọ fún bàbá mi, lójú gbogbo àwọn tí ó jókòó, pé bí ìgbàgbọ́ wọn bá pé ni, ọmọ náà kì bá tí kú, àti pé kí wọ́n yẹ ara wọn wò, bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ kan wà nínú ilé tí ó ṣí ilẹ̀kùn fún ikú. Àwọn méjì yòókù ṣe àmín. Bàbá mi kò fèsì. Nígbà tí ó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n fọ aṣọ akọrin wọn, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n ká a sínú àpò, wọ́n sì ní kí n lọ dá a padà fún olórí akọrin. Láti ìgbà náà, wọn kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé ìjọsìn mọ́, àfi ọjọ́ tí a sin màmá mi ní ọdún 2017, ìta ni wọ́n sì dúró sí ní ọjọ́ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Ọlọ́run, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, “Bí Ó bá wà, kò mọ̀ mí.”

Ní ìgbà ọyẹ́ tí ó kọjá, àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n, apá àti ẹsẹ̀ òsì wọn kò sì lágbára mọ́. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwàásù ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp ní àràárọ̀. Mo fi ìgò òróró kékeré sábẹ́ ìrọ̀rí wọn láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, mo mú olùṣọ́àgùntàn mi láti Ìbàdàn wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn láìgba àṣẹ. Bí olùṣọ́àgùntàn ṣe la ẹnu sí àdúrà ni bàbá mi yí ojú sí ògiri. Lẹ́yìn tí àlejò lọ tán, wọ́n pè mí, wọ́n rọra sọ fún mi pé, “Ìwọ náà mọ̀ pé n kò lè dìde jáde mọ́.”

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè sùn dáadáa. Ṣé kí n dákẹ́ ni? Bí mo bá sì dákẹ́, ṣé kì í ṣe pé mo sẹ́ Olúwa mi níwájú bàbá tí ó kọ́ mi ní Sáàmù? Báwo ni ènìyàn ṣe ń sọ ìrètí fún ẹni tí ó jẹ́ pé ẹnu àwọn onígbàgbọ́ ni wọ́n fi pa ìrètí rẹ̀?

Ìyá Adé

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú bàbá. Olúwa yóò fún ọ lókun. Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn, nítorí pé mo rí ara mi nínú rẹ̀.

Ẹni ọdún 74 ni mí, ọdún 48 ni mo sì ti lò nílé ọkọ. Ọkọ mi kì í ṣe onígbàgbọ́. Wọn kì í ṣe Mùsùlùmí, wọn kò sì bọ òrìṣà; ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé òótọ́ inú ni ẹ̀sìn àwọn. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ ni mo fi bá wọn jà. N kò pè é ní ìjà nígbà náà, àdúrà ni mo pè é. Ní aago márùn-ún ìdájí, n ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, n ó máa ka àṣìṣe wọn sí Ọlọ́run létí ní ohùn tí ó ga tó kí àwọn náà lè gbọ́. Wọn a gbé ìrọ̀rí wọn, wọn a lọ sùn sí pálọ̀. Lọ́jọ́ kan, èmi ni mo ń ka Pétérù Kìíní orí kẹta fún àwọn ìyá ìjọ, mo sì dé ibi tí àpọ́sítélì ti ń sọ fún àwọn aya pé a lè jèrè àwọn ọkọ tí kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ láìsọ ọ̀rọ̀ kan, nípa ìwà tí wọ́n ń rí lára aya wọn. Mo ti ka ẹsẹ yẹn láìmọye ìgbà. Ní ọjọ́ náà ni mo tó gbọ́ “láìsọ ọ̀rọ̀ kan” yẹn, mo sì ní láti fi Bíbélì lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí ó bá mi kà á parí.

O tún rán mi létí Monica, ìyá Augustine, ará Àfíríkà bíi tiwa, tí ìlú rẹ̀ wà ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Àlgéríà lónìí. Ọkọ rẹ̀, Patricius, jẹ́ aláìgbàgbọ́ tí inú rẹ̀ máa ń yára ru, ọmọ wọn sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá òun kì í bá a jiyàn nígbà tí ó bá ń bínú. Ó máa ń dúró kí ara rẹ̀ balẹ̀ kí ó tó sọ tirẹ̀. Kí Patricius tó kú, ó ti di onígbàgbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan Augustine tí ó ti gba ẹ̀kọ́ mìíràn lọ, sùúrù Monica tán, ó lọ bẹ bíṣọ́ọ̀bù kan pé kí ó wá bá ọmọ òun fọ̀rọ̀ wérọ̀, kí ó sì bi àwọn èrò rẹ̀ wó. Bíṣọ́ọ̀bù náà kọ̀. Ó ní ọmọ náà kò tíì ṣe tán láti gbẹ̀kọ́, kí ìyá fi í sílẹ̀ bí ó ti wà, kí ó máa gbàdúrà sí Olúwa nítorí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá lẹ́yìn èyí kí Augustine tó ṣe ìrìbọmi ní ìlú Milan, ní Àjíǹde ọdún 387, ọdún yẹn kan náà ni ìyá rẹ̀ sì kú. Ìwọ náà ti wá bíṣọ́ọ̀bù tìrẹ lọ, àmọ́ tìrẹ kò kọ̀.

Ohun tí n ó bẹ̀ ọ́ pé kí o ṣe kò pọ̀. Lọ mú òróró yẹn kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí, kí o sì jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ pé ìwọ ni o fi í síbẹ̀. Dá ìwàásù àràárọ̀ dúró. Kí wọn ní òwúrọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ṣe ń kí bàbá, bi wọ́n bí wọ́n ṣe sùn, kí o sì gbọ́ ìdáhùn náà tán.

Ọkọ mi kò tíì ṣe ìrìbọmi. Mo sọ ọ́ kí o má baà rò pé mo ń ta ọjà fún ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún mi ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí wọ́n sì fi aṣọ di ojú mi, àwọn fúnra wọn ni wọ́n gbé Bíbélì mi, tí wọ́n ń ka Ìhìnrere Jòhánù fún mi ní alaalẹ́, orí kan lẹ́yìn òmíràn, títí ó fi pé orí 21. N kò béèrè ohun tí wọ́n rò. Mo kàn ń sọ pé, “Ẹ ṣeun, olówó orí mi.”

Olùkọ́ Ọjọ́ Ìsinmi

Arábìnrin wa, ẹ kú ìfaradà. Ìyá wa ti sọ̀rọ̀ nípa ìwà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun tí àwọn aṣáájú mẹ́ta yẹn sọ, nítorí pé mo gbà pé ibẹ̀ ni ọgbẹ́ náà wà, kò sì sí ìwàásù kan tí yóò wọlé títí a ó fi kan ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún bàbá yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́. Àní Olúwa fúnra Rẹ̀ ti kọ irú rẹ̀. Ní Jòhánù orí kẹsàn-án, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rí ọkùnrin kan tí a bí ní afọ́jú, wọ́n sì béèrè ẹni tí ó ṣẹ̀, bóyá ọkùnrin náà ni tàbí àwọn òbí rẹ̀, Jésù sì dáhùn pé kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Ní Lúùkù orí 13, Ó dárúkọ àwọn ènìyàn 18 tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa, Ó sì ní wọn kò ṣẹ̀ ju àwọn yòókù ní Jerúsálẹ́mù lọ. Nígbà tí Lásárù kú, Ó mọ̀ pé Òun yóò jí i dìde, síbẹ̀ Ó kọ́kọ́ sunkún pẹ̀lú àwọn arábìnrin rẹ̀. Kò sọ fún Màtá, ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin náà, pé àìpé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni ó pa arákùnrin rẹ̀.

Ẹ wá wo àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù. A máa ń bú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ohun kan tí ó dára: wọ́n bá a jókòó lórí ilẹ̀ fún ọjọ́ méje àti òru méje, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n rí i pé ìbànújẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bà á jẹ́. Ní orí tí ó kẹ́yìn ìwé náà, Ọlọ́run bínú sí wọn pé wọn kò sọ ohun tí ó tọ́ nípa Òun, bí Jóòbù ìránṣẹ́ Òun ti sọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i: Jóòbù tí ó ń kígbe, tí ó ń jiyàn, tí ó fẹ́ pe Ọlọ́run lẹ́jọ́, òun ni Ọlọ́run dá láre, ó sì pàṣẹ fún àwọn tí ó ń gbèjà Òun pé kí wọ́n mú akọ màlúù méje àti àgbò méje lọ bá ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, kí òun sì gbàdúrà fún wọn. Wọ́n lọ. Èyí ni mo ṣe fẹ́ béèrè pé, ṣé ó kù nínú àwọn mẹ́ta yẹn tí ó wà láàyè? Ṣé ẹnìkan ti padà lọ bẹ bàbá yín láti ọdún 2004? Bí kò bá sí ẹni tí ó lọ, ẹ̀yin ẹ lọ. Ẹ bẹ̀ wọ́n ní orúkọ ìjọ, kí ẹ tó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n padà sí ìjọ.

Ní ti ìbéèrè yín nípa ìdákẹ́jẹ́ẹ́, Pétérù ní kí a múra tán nígbà gbogbo láti dá ẹni tí ó bá béèrè ìdí ìrètí wa lóhùn, pẹ̀lú ọkàn tútù àti ìbẹ̀rù. Ẹni tí ó bá béèrè ni ó wí. Ẹni tí ń dúró de ìbéèrè kò sẹ́ Olúwa rẹ̀, bí ó bá ṣáà ń gbé ní ọ̀nà tí ìbéèrè lè fi wáyé. Àwọn arákùnrin Jésù tí wọ́n jọ jẹun nínú àwo kan náà kò gbà Á gbọ́, Jòhánù 7 sọ bẹ́ẹ̀ kedere. Lẹ́yìn àjíǹde ni a tó bá wọn nínú yàrá òkè níbi àdúrà, a sì kà á nínú Kọ́ríńtì Kìíní pé Jésù fi ara hàn Jákọ́bù.

Nọ́ọ̀sì ní Abẹ́òkúta

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe, mo sì ti tọ́jú ọ̀pọ̀ àwọn tí àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlù, nítorí náà ohun méjì tí iṣẹ́ mi kọ́ mi ni mo fẹ́ fi kún un.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ àìsàn tí ó pa àbúrò yín. Ó ṣeé ṣe kí bàbá má tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí pé ẹ̀ṣẹ̀ wọn kọ́ ni ó fà á. Fòníkú-fọ̀ladìde kì í ti inú ìwà òbí wá. Bí ẹ̀jẹ̀ bàbá bá jẹ́ AS tí ti ìyá náà sì jẹ́ AS, ara àwọn méjèèjì lè le koko, kí wọ́n má sì mọ̀ rárá, ṣùgbọ́n nínú oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ náà jẹ́ SS, èyí tí í ṣe fòníkú-fọ̀ladìde. Oyún kọ̀ọ̀kan ni ìṣirò náà ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Kì í ṣe pé ọmọ mẹ́ta tí ara wọn dá ti gba ti ẹ̀kẹrin jẹ. Ẹ̀jẹ̀ AS yìí sì pọ̀ ní ilẹ̀ wa nítorí pé ó máa ń dáàbò bo àwọn ọmọdé tí ó ní i lọ́wọ́ ibà tí ó le. Ní ìgbà tí àwọn òbí wa ń ṣe ìgbéyàwó, bóyá ọmọ ìjọ kan náà ni ìyàwó ni wọ́n ń wádìí, kò sí ẹni tí ń béèrè jẹ́nótáìpù. Mo gbà á gbọ́ pé ẹni tí ó bá jókòó ti bàbá, tí ó sì ṣàlàyé èyí fún wọn gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ṣe ń ṣàlàyé fún olùkọ́, ti ṣe iṣẹ́ Kristi, kódà bí kò tilẹ̀ dárúkọ Rẹ̀.

Ìkejì ni ti ara wọn ní ìsinsìnyí. Ẹ má ṣe pẹ́ jù nínú ọ̀rọ̀, nítorí ó máa ń tètè rẹ irú wọn. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wọn tí ó ṣì lágbára ni kí ẹ jókòó sí, kí wọ́n lè rí yín dáadáa. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí èyí: lẹ́yìn àìsàn rọpárọsẹ̀, omijé máa ń wá fún àwọn mìíràn ní ìrọ̀rùn, nígbà mìíràn láìsí ìdí kan pàtó, nítorí ibi tí àìsàn náà kàn nínú ọpọlọ. Mo ti rí àwọn ará ìjọ tí wọ́n bo irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ní ó ti ronú pìwà dà nítorí pé ó sunkún. Bí bàbá bá sunkún, ẹ nu ojú wọn. Kí ẹ tó gbàdúrà lórí ẹnikẹ́ni tí kò lè dìde, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó bá sì ní rárá, ẹ jẹ́ kí rárá rẹ̀ dúró. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni àìsàn ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kí a má tún gba èyí náà.

Olùṣọ́ Orí Odi

Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín, mo sì bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Bàbá ẹni ọdún 79 ni à ń sọ nípa rẹ̀, àìsàn sì ti kọlù wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Ìsíkíẹ́lì 33 sọ pé bí olùṣọ́ kò bá kìlọ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ṣègbé yóò wà ní ọrùn rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni tí èmi àti rẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án kú ní ọdún tí ó kọjá, n kò sì bá a sọ̀rọ̀ Jésù ní ọjọ́ kan ṣoṣo, nítorí pé mo ń dúró de ìgbà tí ó bá yẹ. Ìgbà náà kò dé. Ẹ̀dùn ọkàn yẹn ni mò ń gbé kiri. Àwọn baba wa nínú ìgbàgbọ́ kò fi ohùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ falẹ̀: nígbà tí Àjàyí Crowther rí ìyá rẹ̀, kò dákẹ́, ìhìnrere ni ó wàásù fún un, ìyá náà sì gbà. Arábìnrin, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú ọjọ́ kan pa yín lẹ́nu mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Manchester

Ẹ̀gbọ́n Olùṣọ́, ẹ kú ọ̀fọ̀ ọ̀rẹ́ yín. N kò ní sọ pé ẹ̀rù yín kò tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn Crowther bí ó ṣe rí, nítorí pé ó wúlò fún arábìnrin wa ju bí ẹ ti mú un wá lọ.

Ọdún 1821 ni wọ́n kó ọmọdékùnrin náà lẹ́rú ní Òṣogùn. Ọdún 1846 ni òun àti Àfàlá ìyá rẹ̀ tó tún rí ara wọn ní Abẹ́òkúta, nígbà tí ó ti di àlùfáà. Ó kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ìwàásù níbẹ̀: ìyá ń gbọ̀n, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn pẹ̀lú ìyanu láìlè sọ̀rọ̀, omijé sì ń dà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá tí ó ti rù. Ìyá náà ń fi àwọn orúkọ tí ìyá àgbà Crowther máa ń fi pè é nílé pè é. Lẹ́yìn èyí ni ìyá náà wá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, tí ó ń rí i, tí ó ń gbọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Oṣù Èrèlé ọdún 1848 ni ó tó ṣe ìrìbọmi, tí a sì sọ ọ́ ní Hannah, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ó lé ní ọdún kan àti oṣù márùn-ún. Ọmọ tí kò rí ìyá rẹ̀ fún ọdún 25 fún un ní gbogbo àkókò yẹn láti fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí òun gbà gbọ́. Ó wàásù, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ inú ilé tí wọ́n ti jọ ń jẹun ni ó ti wàásù náà.

Mo ní ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn mí. Fún ọdún 12, èmi ni aláìgbàgbọ́ inú ilé wa. Ìlú yìí ni mo wà nígbà tí mo fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀, gbogbo ìdílé sì gbọ́ nílé. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń fi ẹsẹ Bíbélì nípa iná àjóòkú ránṣẹ́. Mo dí ojú ọ̀nà sí wọn lórí fóònù, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìkan ni ó ń pè mí ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan. Yóò bi mí bóyá mo ti jẹun, yóò sọ iye tí gàárì di fún mi, yóò sọ ìròyìn àwọn aládùúgbò. Lọ́dún kẹfà, ó sọ ohun kan tí n kò gbàgbé. Ó ní, “Àbúrò mi, mo ti bá ọ wí gan-an nígbà tí o kọ́kọ́ sọ fún wa, ìtìjú ohun tí àwọn ará ìjọ yóò sọ ni ó mú mi ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìfẹ́ rẹ. Jọ̀wọ́, dárí jì mí.” N kò tíì gbọ́ kí onígbàgbọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ aláìgbàgbọ́ rí. Ó tó ọdún mìíràn kí n tó bi í pé kí ni ó gbé e ró nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ sì wà ní ilé ìwòsàn. Ìgbà tí mo béèrè ni ó sọ fún mi, ó sì sọ ọ́ tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gbogbo ọdún mẹ́fà tí ó ti ń bi mí nípa oúnjẹ ni mo fi gbà á gbọ́.

Nítorí náà, arábìnrin, bí ẹ̀rù àkókò bá ń bà yín, ẹ lo àkókò náà láti bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kò gba ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀la ni ẹ lè ṣe é.

Ìyá Adé

Ọmọ Ẹ̀gbá, o ṣeun, mo sunkún nígbà tí mo ka èyí. Olùṣọ́, ọmọ mi, má ṣe máa na ara rẹ nítorí ẹni tí ó lọ. Olè tí ó wà lórí àgbélébùú ní àkókò díẹ̀ pẹ̀lú Olúwa, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó mọ ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ bá Ọlọ́run sọ ní wákàtí tí ó kẹ́yìn.

Ọmọ Akọrin

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun gidigidi. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti kọ̀wé, mo sì jẹ yín ní ìròyìn.

Mo lọ sílé ní ọjọ́ Ẹtì. Mo mú ìgò òróró jáde lábẹ́ ìrọ̀rí, mo kúnlẹ̀, mo sì jẹ́wọ́. Bàbá mi ní àwọn ti rí i láti ọjọ́ kejì tí mo fi í síbẹ̀, àwọn sì fi í sílẹ̀ nítorí pé èmi ni mo fi í síbẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n nítorí olùṣọ́àgùntàn tí mo mú wá. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀ wọ́n nítorí ọjọ́ kẹta yẹn ní ọdún 2004. Mo ní, “Bàbá, mo wà ní pálọ̀ ní ọjọ́ náà, ẹni ọdún 27 ni mí, mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, n kò sì sọ̀rọ̀. Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ Ọlọ́run àti mọ́ yín.” Wọn kò fèsì fún ìgbà pípẹ́. N kò fi àdúrà dí àyè náà.

Ní ọjọ́ kejì ni mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ AS àti SS, mo sì yà á sórí ìwé gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì wa ti sọ. Wọ́n gba bíírò lọ́wọ́ mi, wọ́n tún un yà pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún tí ó le, wọ́n wò ó, wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n béèrè bóyá màmá mi mọ̀ kí wọ́n tó kú. Mo ní n kò rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, “Ó máa ń sọ fún mi pé òun ni.” Ogún ọdún tí mo fi ń rò pé bàbá mi bínú sí Ọlọ́run, n kò mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń gbọ́ lórí ibùsùn ní alẹ́ nìyẹn.

Olùkọ́, ẹ béèrè nípa àwọn mẹ́ta náà. Méjì ti kú. Ẹnìkan ṣẹ́ kù, òun náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún; òun kọ́ ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà, ó wà lára àwọn tí ó ṣe àmín. Mo lọ bá wọn nílé ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo sì sọ ohun tí àmín náà ṣe nínú ilé wa fún wọn. Wọ́n ní àwọn ti ń rántí rẹ̀, ojú ni ó ń ti àwọn. Wọ́n béèrè bóyá àwọn lè wá.

Mo sọ fún bàbá mi ní alẹ́ àná lórí fóònù. Wọ́n dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé ìpè ti já. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Kí ó wá. Kí ó wá jókòó. Kí ó má gbàdúrà.”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọn yóò wá. Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá àgbà náà bí bàbá mi ṣe sọ ọ́, wọ́n sì ti gbà.